Ọmọ Tí Wọ́n Fi Sí Mi Lọ́wọ́



Ó ti pẹ́ tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ti ń bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan sí ojú ewé ìdílé yìí. Ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé ìwàásù ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, n kò mọ ìwé kọ. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n kọ, ojú ni ó ń tì mí. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé mi lálẹ́. Ó ní aràn jáde láti ẹnu ọmọ náà, ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run ta ni ó rán an. Lẹ́yìn tí a ti gbé ọmọ náà dé ibi tí ó yẹ kí a gbé e lọ, n kò rí oorun sùn. Ni mo bá dìde, mo tan iná, mo wá bírò.

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003. Mo jẹ́ ẹni ọdún 33 nígbà náà, kò tí ì ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n sì ti fi mí ṣe olùṣọ́ ìjọ kékeré kan ní abúlé kan ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń ṣe òwò kiri láti Ìbàdàn. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ó fi í sí wa lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, nítorí ó ti di ọkùnrin báyìí, òun náà sì ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí ó ń jẹun dáadáa ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò hàn lára rẹ̀ rárá. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàwó mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.” Mo ní bí àwọn ọmọ abúlé ṣe máa ń rí nìyẹn, yóò jáde níbẹ̀. Ó máa ń pa eyín lóru pẹ̀lú, àwọn aládùúgbò sì ní àmì aràn ni. (Mo ti béèrè lọ́wọ́ dókítà láti ìgbà náà, wọ́n ní èyí kì í ṣe àmì tí a lè gbára lé. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rí òtítọ́ láìmọ̀.)

Ní Ọjọ́rú ọjọ́ kan, ara rẹ̀ gbóná, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú rírun tí ó ń wá tí ó sì ń lọ, tí ó ń mú kí ó ká jọ bí ìgbín. Mo lọ sí kẹ́mísì, mo ra oògùn ibà, ẹni tí ó ń tà á sì ní kí n ra oògùn aràn mọ́ ọn. Mo fún un ní gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò yàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kankan kò gba ìdí rẹ̀ jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí ó ti ń bì, ohun kan tí ó funfun, tí ó pọ́n díẹ̀, tí ó sì gùn bí rúlà àwọn ọmọ ilé-ìwé, gba ihò imú rẹ̀ jáde, ó sì ń yí lórí ilẹ̀.

Ẹnì kan kígbe pé, “Ejò!” Ọ̀rọ̀ náà kò jọ irọ́ létí ẹnikẹ́ni tí ó wà níbẹ̀. Èmi pàápàá gbà á gbọ́. Ẹ̀yin ará mi, wọ́n ti kọ́ mi ní ìtàn ìjọ Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀, mo lè ka álífábẹ́ẹ̀tì èdè Gíríìkì, mo sì ti wàásù nípa Hẹ́rọ́dù tí kòkòrò jẹ ní ara títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ mi pé ọmọ tí aràn kún inú rẹ̀ lè pọ̀ ọ́ láti ẹnu tàbí kí ó gba imú rẹ̀ jáde, pàápàá nígbà tí ibà bá mú un, tí aràn náà sì ń wá ọ̀nà sá. Mo ránṣẹ́ pe àwọn alágbára àdúrà ìjọ. A ti ìlẹ̀kùn ilé míṣọ́ọ̀nù mọ́rí. A fi Ọjọ́ Ẹtì gba ààwẹ̀, ọmọ náà sì wà láàárín wa lórí ẹní, ikùn rẹ̀ ń wú, ó ń le bí ìlù, ohun tí ó ń bì sì ti di aláwọ̀ ewé.

Ní ìdájí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ wá. Nọ́ọ̀sì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo abúlé ń pè é. Kò ti ilé wá, oko ni ó ti ń bọ̀, ẹnì kan ni ó sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn ọmọ náà jẹ́jẹ́ ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó gbé etí lé e. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè wò mí.

Ó ní, “Pásítọ̀, ta ló ní ejò ni? Aràn ni. Wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, wọ́n ti dí ìfun ọmọ yìí pa. Àdúrà tí ẹ ń gbà dára, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti máa gbà á.”

Ọkọ̀ akóṣu ni a rí. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé kò ní dókítà tí ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n sì ní kí a máa lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó débẹ̀. Dókítà tí ó gbà wá kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ọjọ́ wo ni ó yàgbẹ́ kẹ́yìn, oògùn wo ni ẹ ti fún un? Mo dáhùn. Kò bá mi wí. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ lọ sí ikùn láti fa ohun tí ó wà níbẹ̀ jáde, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, wọ́n sì gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí dókítà náà jáde, ó gbé abọ́ kan lọ́wọ́. N kò béèrè pé kí ó fi hàn mí, ṣùgbọ́n ó fi hàn mí. Aràn tí ó wà nínú abọ́ náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ní ibi tí ìfun kékeré ti ń wọ inú ìfun ńlá, ní apá ọ̀tún ikùn, ni ọ̀nà ti há jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń di ìdìpọ̀ nínú ọmọdé. Apá kan ìfun náà ti lọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ó ti dúdú. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì so ìyókù pọ̀.

Mo bi í pé bí a bá ti gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá tètè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, rọ́bà imú àti omi tí a ń fà sí ara ti tó. Ìdìpọ̀ náà yóò tú fúnra rẹ̀, wọn kò ní fi abẹ kàn án. Ó sì sọ nǹkan mìíràn tí ó dùn mí ju ìyẹn lọ. Ó ní oògùn aràn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìfun tí ó ti dí. Bí ó bá mú kí gbogbo wọn rọ lójú kan náà níbi tí kò sí ọ̀nà, ṣe ni ìdìpọ̀ náà lè há sí i. Òun kò lè sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí nìyẹn. Èmi náà kò lè sọ pé kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí aràn fúnra rẹ̀, nítorí ohun tí a gbọ́ dàgbà ni ó ń ṣe wá ní ibi. Àwọn bàbá wa gbà pé Ọlọ́run ni ó dá aràn mọ́ ènìyàn, pé òun ni ó ń bá wa lọ oúnjẹ nínú, àfi bí ó bá pọ̀ jù ni ó ń di àrùn. Ẹlòmíràn a sì máa sọ pé ṣúgà àti àádùn ni ó ń bí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aràn kò lọ oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ó ń jẹ nínú rẹ̀ ni. Àádùn kò sì lè bí aràn, bí kò ṣe pé ọwọ́ tí a fi jẹ ẹ́ ni ó dọ̀tí. Inú ìgbẹ́ ènìyàn ni ó ti ń wá. Abo aràn gígùn yìí kan ṣoṣo lè yé ẹyin tí ó tó 200,000 lóòjọ́, ẹyin tí ojú kò lè rí. Bí ẹni tí ó ní in bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ilẹ̀, ẹyin náà yóò wà nínú erùpẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin yóò ti gbó. Ọmọdé yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀, yóò fi ọwọ́ náà sí ẹnu, tàbí kí a bu ẹ̀fọ́ tí a kò ṣàn dáadáa fún un. Ẹyin náà yóò pa nínú ìfun, ọmọ aràn yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró (ìdí nìyí tí àwọn ọmọ kan fi máa ń wúkọ́ láìsí òtútù), yóò gun ọ̀nà ọ̀fun wá, ọmọ náà yóò tún gbé e mì, nígbà náà ni yóò tó wá jókòó sínú ìfun dàgbà. Ó lè lo ọdún kan tàbí méjì níbẹ̀. Ó sì fẹ́ràn ihò kékeré. Nígbà mìíràn ó máa ń wọ ọ̀nà òróòro lọ, ìrora yóò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ojú ọmọ lè pọ́n bí ẹyin adìẹ, àwa yóò sì máa wá àgbo ibà pọ́njú.

Kì í ṣe òun nìkan. Èyí tí kò gùn ju èékánná lọ, tí ó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ọmọ tí kò wọ bàtà, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu. Ohun tí ẹyọ kan ń mu lójúmọ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, tí ibà sì tún ń jẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí ni yóò kù? Ní ibùsùn tí ó kàn tiwa ní ilé ìwòsàn yẹn, ọmọbìnrin kan wà tí kò tí ì ju ọdún mẹ́ta lọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ìwé. Ìyá rẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ erùpẹ̀, pé wọ́n ti nà án títí. Wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ibùsùn náà sì ti ṣófo. N kò bá ìyá náà sọ̀rọ̀ ìtùnú kankan, èmi pásítọ̀, nítorí n kò rí i mọ́.

Ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, inú ìfun ńlá ni ó ń gbé. Bí ó bá pọ̀, ọmọ yóò máa ya ẹ̀jẹ̀ àti ikun, yóò máa tiiri títí ìdí rẹ̀ yóò fi yọ. Jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń pe ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí abúlé. Nígbà tí ọmọ náà ń gbádùn bọ̀, dókítà bi mí níbi tí ó ti ń ṣeré. Mo ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ẹnu mi wọ́. Ilé ìsìn wa ní páànù tuntun. A ní ìlù òyìnbó, a ní jẹnẹrétọ̀, a ti ń dá owó àga oníkùṣọ̀n̄nù fún àwọn àlejò. A kò ní ṣáláńgá. Ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì yóò jáde sí ẹ̀yìn ilé láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn àgbà náà yóò lọ sí igbó tí kò jìnnà. Níbẹ̀ gan-an ni ìyàwó mi gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sí, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Níbẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi iyanrìn kọ́ ilé. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wá ẹni tí ó ń ta ọfà sí agbo ilé mi.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí bílíọ̀nù 1.5 ènìyàn ni ó ní irú aràn inú ilẹ̀ wọ̀nyí káàkiri ayé, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú kí ọmọ ẹni ní in. Ní Jàpáánì, lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, ó ju ìdajì àwọn ènìyàn ibẹ̀ tí ó ní aràn gígùn yìí. Wọ́n ń yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò, wọ́n ń fún wọn ní oògùn, wọ́n sì dẹ́kun fífi ìgbẹ́ ènìyàn tútù ṣe ajílẹ̀. Lónìí agbára káká ni ẹ fi lè rí i níbẹ̀.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Albendazole ẹyọ kan, 400 miligíráàmù, ni fún ọmọ tí ó ti pé ọdún méjì, ààbọ̀ rẹ̀ ni fún ọmọ tí ó wà láàárín ọdún kan sí méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àjọ náà ní kí a fún àwọn ọmọdé níbi tí aràn bá wà lára ogún nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì níbi tí ó bá ti kan àádọ́ta. Ìjọba a máa fún àwọn ọmọ ní ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé nígbà mìíràn, mo sì mọ àwọn òbí nínú ìjọ wa tí wọ́n ń dá ọmọ dúró sílé lọ́jọ́ náà nítorí àhesọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́: ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta, ẹ lọ oògùn náà kúnná, ẹ fi omi pò ó. Ẹ má ṣe di imú rẹ̀ mú, ẹ má ṣe rọ ọmọ tí ó ń ké, nítorí oògùn oníhóró ti há àwọn ọmọ kan lọ́fun rí, ó sì pa wọ́n. Ó sàn kí ẹ dúró títí yóò fi dákẹ́.

Oògùn náà kò sì ní kí aràn má padà wọlé. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bá wà bí ó ti wà, láàárín oṣù díẹ̀ yóò tún ti kún. Ọṣẹ, omi, bàtà lẹ́sẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a ṣàn dáadáa, àti ihò tí a gbẹ́ tí a sì bò, iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ikùn ọmọ bá wú tí ó sì le, tí inú ń run ún tí ó ń wá tí ó ń lọ, tí ó ń bì, pàápàá bí ohun tí ó ń bì bá ní àwọ̀ ewé tàbí tí aràn wà nínú rẹ̀, tí kò sì lè yàgbẹ́, oògùn aràn kọ́ nìyẹn mọ́, àgbo kọ́, ẹ má sì ṣe fún un ní omi ìdí. Ẹ má fún un ní oúnjẹ. Ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ni, lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá yín gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú yín. Èmi pásítọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé. Mo ti múra ohun tí n ó sọ sílẹ̀, mo ti tún un sọ nínú ara mi bí ìwàásù. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ibi tí wọ́n rán ní ikùn rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Ó ní, “Àbúrò mi, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?”

Mo ní, “Ọjọ́rú ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọjọ́ wo lẹ gbé e débí?”

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta.”

Ó ka àwọn ọjọ́ náà lórí ìka rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí n lọ wá nǹkan jẹ, pé ojú mi ti wọnú.

Ó mú un padà lọ sí Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, n kò sì jiyàn. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, awakọ̀ kan já apò ìwé kan fún mi ní ilé míṣọ́ọ̀nù. Owó ni ó wà nínú rẹ̀, iye tí ó tó ra àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ní ìgbà náà. Ìwé pélébé kan wà pẹ̀lú rẹ̀, ìwé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà ìyàwó. “Fún ṣáláńgá ṣọ́ọ̀ṣì” nìkan ni ó kọ síbẹ̀.